Kàlẹ́ńdà obìnrin méjìlá tí wọ́n ń tà l'Ákẹ̀sán: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ mú bírò dání

Àwọn ìsọ̀ ìwé tó yí ọjà Akẹ̀sán ká ní Ọ̀yọ́ ti ń ta kàlẹ́ńdà ara ògiri kan ní ₦3,500. Obìnrin méjìlá tó sàmì sí ìtàn ayé ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan fún oṣù kan. Ẹni tó tò ó ronú jinlẹ̀, torí oṣù tí ọ̀rọ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ló fi í sí. Wangari Maathai, ọmọ Kenya tó jà fún igi àti igbó, wà ní Igbe, oṣù tí wọ́n bí i lọ́dún 1940. Valentina Tereshkova wà ní Òkúdù, nítorí ọjọ́ 16 oṣù náà lọ́dún 1963 ló gbéra lọ sí òfuurufú, tó sì yí ayé po nígbà 48. Rosa Parks wà ní Ọ̀pẹ, oṣù tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1955. Tísà tó bá ṣí oṣù tuntun ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbà.

Ojú ewé Èbìbí ló dára jù. Àtùpà ọwọ́ Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán òǹkà tó rí bí òdòdó, tó yà lọ́dún 1858, ni wọ́n gbé síbí, èyí tó fi han ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àrùn ló pa ọmọ ogun wọn jù nínú ogun Crimea, kì í ṣe ọgbẹ́ ojú ogun. Onígbáméjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn wà lára àwọn àrùn náà. Àwọ̀ rẹ̀ jáde dáadáa. Àmọ́ wọn kò kọ ìtumọ̀ àwọ̀ síbẹ̀, ọmọ kíláàsì á kàn máa wo òdòdó aláwọ̀ mẹ́ta. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sí etí rẹ̀: búlúù ni àrùn, pupa ni ọgbẹ́, dúdú ni ohun mìíràn tó pa wọ́n.

Àṣìṣe gbangba wà ní Agẹmọ. Wọ́n kọ ọ́ pé Rosalind Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gba ẹ̀bùn Nobel. Kò gbà á. Ọdún 1958 ló kú, ọdún 1962 ni wọ́n fún Watson, Crick àti Wilkins ní ẹ̀bùn náà lórí DNA, ohun inú ara tó ń gbé àbùdá láti ara òbí dé ara ọmọ, bẹ́ẹ̀ fọ́tò tí wọ́n yà ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ gé pépà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà náà, kí ẹ sì kọ òótọ́ sórí rẹ̀. Ti Marie Curie ní Bélú tọ̀nà: ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní 1903, ti kẹ́mísírì ní 1911.

Ọ̀wàrà ló dunni jù. Gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni pé ó wa mọ́tò. Níbo ni ọ̀rọ̀ owó orí gbé wọlé? Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó kó jọ, oníṣòwò àti àgbẹ̀, ni wọ́n pa ẹnu pọ̀ kọ owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949. Ìyẹn ló yẹ kó gba ojú ewé náà.

Ó sì yani lẹ́nu pé ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń ta kàlẹ́ńdà yìí, tí kò sí Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìwé kan kà á mọ́ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu ní obìnrin ni, òun ló sì jẹ Aláàfin nígbà tí Ìgbòho jẹ́ olú-ìlú.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, pépà rẹ̀ nípọn, wáyà rẹ̀ kò sì há nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Ihò tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni ìṣòro: wọn kò fi irin yí i ká, ìṣó á fà á ya kó tó di Igbe. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ tó tún ihò náà lu. Ẹ má gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń bá a, nítorí pupa ló máa ń kọ́kọ́ ṣá. Lẹ́tà àlàyé rẹ̀ kéré, ẹni tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn kò lè kà á, nítorí náà ara ògiri ẹnu ọ̀nà ló bá a mu ju iwájú kíláàsì lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ojú ewé méjìlá náà pé. Wọ́n kó Bélú méjì sínú àwọn kan, Ọ̀pẹ sì sọnù.