Tremolo àtijọ́ àbí Floyd Rose: èwo ni kì í jẹ́ kí gìtá yẹ̀ lóhùn?

Ẹni tó bá ní gìtá oníná tó ní apá tremolo, irin tí a ń fà kí ohùn okùn lè gòkè tàbí kó wálẹ̀, mọ ìyà yìí: o fa apá náà lẹ́ẹ̀mejì péré, okùn kẹta ti yẹ̀.

Tremolo onísíkúrù mẹ́fà, irú èyí tí Fender fi sára Stratocaster ní 1954, kò wọ́n, okùn rẹ̀ kò sì nira láti pààrọ̀. Ọrùn gìtá ni wàhálà rẹ̀ wà, níbi tí okùn ti ń gba ojú tóóró kọjá lọ sí orí. Bí ojú yẹn bá fún un mọ́lẹ̀, kò ní padà síbi tó wà. Pẹ́ńsùlù ni mo máa ń fi ra inú rẹ̀ dúdú kí n tó fi okùn tuntun sí i, kó lè máa yọ̀. O sì lè fún sípíríǹgì ẹ̀yìn títí irin tremolo á fi lẹ̀ mọ́ igi gìtá. Àmọ́ ohùn á lè wálẹ̀, kò ní lè gòkè mọ́.

Floyd Rose, irú tremolo kejì, ń ti okùn pa lọ́rùn àti nídìí. Fà á títí okùn á fi dẹ̀, ohùn á padà. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, wọ́n sì sábà máa ń gbẹ́ igi gìtá kó tó wọlé. Okùn kan já mọ́ mi lọ́wọ́ rí láàárín orin ìyìn, àwọn márùn-ún tó kù sì gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí!

Gìtá kan ṣoṣo lo ní, jùjú tàbí orin ṣọ́ọ̀ṣì lò ń ta? Ti àtijọ́ ló bá ọ mu. Rọ́ọ̀kì líle ni tìẹ, tí gìtá kejì wà nítòsí? Mú Floyd Rose, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ Allen, irin tí a fi ń tú ibi tó ti okùn pa, sápò.