Skútà oníná tòkunbọ̀ tí mo rà ní Kabba: ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí, torí náà ẹ má retí pé màá ka iye kìlómítà tó ń sá fún yín, ẹni tó bá fẹ́ ra á ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sọ sí mi lójú àwọn oníbàárà ni ò kúrò lọ́kàn mi. "Àńtí, ẹ̀yin lẹ wúwo." Èmi tí mo san ₦280,000!

Tísà ni mí. Ilé mi ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ilé ìwé, àmọ́ tèmi ti ẹrù ìwé, ẹsẹ̀ ò lè rìn ín lójoojúmọ́, látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, owó ọ̀kadà ti di nǹkan tí èèyàn ń rò kó tó jáde nílé. Tuntun ju agbára mi lọ, mo bá wá tòkunbọ̀ lọ.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Mo mi ibi tó ti ń ká, kò jó. Mo di bíréèkì mú, ó dúró. Mo wo ara ṣájà, 42V ni wọ́n kọ síbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ki mítà bọ bátìrì, 42 géérégé. Ó ní "ẹ ò rí i, bíi tuntun ni." Mo ní kí n gùn ún gun òkè tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní inú ọgbà ni wọ́n ti ń dán an wò. Mo ní kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì nígbà náà pé tó bá yọnu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí títì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè báyìí, ó kú. Iná ojú ẹ̀ ṣì ń sọ pé bátìrì kù ju ìdajì lọ! Mo dúró díẹ̀, mo tún un tàn, ó jí, ó rìn díẹ̀, ó tún kú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ Kabba mọ̀ pé àárín òkè la wà, kò sí ibi téèyàn fẹ́ gbà tí kò ní gòkè. Mo tì í dé ilé ìwé, òógùn bò mí.

Nígbà tí mo gbé e padà ni ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò tiẹ̀ wo skútà náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ kan, ọmọdé gan-an ni, ló dìde, ó ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣí i." Ọ̀gá ní kó lọ jókòó. Kò jókòó. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yọ àwọn nọ́ọ̀tì, ó wá ń fi mítà wọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan, torí bátìrì 36V yìí, ọ̀wọ́ bátìrì kéékèèké 10 ni wọ́n so tẹ̀ léra nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá kún á jẹ́ 4.2V, ibẹ̀ ni 42 yẹn ti wá. Mẹ́sàn-án jẹ́ 3.9. Ìkẹwàá jẹ́ 2.7. Ó yí ojú mítà sọ́dọ̀ mi kí n fojú ara mi rí i. Ó ní ọ̀wọ́ tó ti rẹ̀ yẹn, téèyàn bá ṣájì, á kún bí àwọn tó kù, àmọ́ tí mọ́tò bá ti fa iná púpọ̀ lórí òkè, òun ló máa kọ́kọ́ já wálẹ̀, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì á sì gé gbogbo iná. Ìdí nìyẹn tí 42 tí wọ́n fi hàn mí nígbà tí skútà dúró sójú kan ò fi sọ nǹkan kan. Ó wá kọjú sí ọ̀gá: "Ọ̀gá, bátìrì ni o, kì í ṣe àńtí."

Ọ̀gá ò bẹ̀ mí. Ó ní kí n mú ₦50,000 wá fún bátìrì míì, mo na rìsíìtì sí i lójú, a fà á títí ó fi já sí ₦20,000. Mo san án torí mo gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ owó mi ni, kò sì tọ́ sí i.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọmọ yẹn so bátìrì kejì, ó gun òkè yẹn lọ gun òkè yẹn bọ̀, ó tún wọ̀n ọ́n, ó ní kí èmi náà gùn ún. Mo gòkè láìdúró! Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo rà. Kò pariwo, kò rùn, mò ń dé kíláàsì láìlàágùn, àwọn ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé mi, "ẹ káàárọ̀ mà!" Kódà tí ẹ bá wà ní Band A, àwọn tí owó iná wọn ga jù, tí wọ́n gbé dé ₦225 fún yúníìtì kan ní April 2024, bátìrì 36V tí iná tó ń gbà jẹ́ 10Ah ò lè jẹ iná ₦100 kó tó kún dẹ́nu. Ọ̀sán ni mo máa ń ṣájì, ojú mi á sì wà níbẹ̀, torí bátìrì lithium tó bá gbiná kì í tètè kú. Taya ẹ̀ kéré, kòtò ò dùn mọ́ ọn rárá, níbi tí títì ti bàjẹ́ mo máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì gbé e lọ sí ojú ọ̀nà Obajana níbi tí tírélà símẹ́ǹtì ń gbà, inú ìlú ni kẹ́ ẹ ti lò ó.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọṣẹ́ yẹn ló ni wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ níbikíbi, ẹ gun òkè kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì wọn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lójú yín lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. ₦20,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá, mo ṣì ń lọ béèrè ẹ̀.