Àgbéyẹ̀wò sound card fún géèmù DOS: ẹ wo chip kí ẹ tó sanwó

Nítòsí Oríta Ọláìyá ní Òṣogbo níbí, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, mo bèèrè Sound Blaster 16 (SB16) oní-ISA, ìyẹn sound card, káàdì tó ń mú ohùn jáde, tí ilé-iṣẹ́ Creative ṣe, tó ń wọ ihò ISA inú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Géèmù DOS, ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbilẹ̀, ni mo fẹ́ fi gbá. Mo ṣàlàyé fún Alhaji tó ni ṣọ́ọ̀bù pé wọn ò dọ́gba: chip OPL3 tí Yamaha ṣe ló wà lórí àwọn kan, òun ló ń kọ orin géèmù DOS, lórí àwọn mìíràn tó jáde lẹ́yìn, Creative ti fi CQM, àfarawé tiwọn, rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú ọ̀rá rẹ̀ wò. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Sound Blaster ni Sound Blaster ń jẹ́. Tí o bá ti tú u, o ti rà á nìyẹn."

"Alhaji, ẹ dákun, ojú lásán ni mo fẹ́ fi wò ó."

Wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Oníbàárà tó ń wá ṣájà ni wọ́n kọjú sí. Mo sanwó, mo tú u lójú wọn: CQM! Wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà. Inú bí mi débi pé n kò lè kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ká má purọ́, káàdì náà ṣiṣẹ́. SET BLASTER=A220 I5 D1 H5 T6, ìlà tó ń sọ ètò káàdì fún géèmù, ni mo kọ sínú AUTOEXEC.BAT, fáìlì tí DOS ń kà bó bá ti ń tàn, ìró ìbọn inú géèmù Doom sì mọ́ kedere. Àmọ́ bí orin bá ti wọlé, bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí lu abọ́ irin ni. N kò lè gbà á.

Nígbà tí mo padà lọ, Alhaji ti lọ kírun, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn ló wà nídìí ọjà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti Yamaha lẹ̀ ń wá lọ́jọ́ sí? Ẹ jókòó."

Ó da páálí àwọn káàdì tí wọ́n fẹ́ kó dànù sílẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku wọn, ó ń tan iná fóònù sí chip kọ̀ọ̀kan, ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ó dé orí ọ̀kan tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ káàdì kankan lára: YMF719, chip Yamaha. Mo pariwo! OPL3 gidi wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣe sítẹ́ríò Sound Blaster Pro, káàdì Creative tó ṣáájú SB16, èyí tí SB16 kì í ṣe. Kò lè ṣe ohùn 16-bit ti SB16, nítorí náà Sound Blaster Pro lẹ máa yàn nínú géèmù. Ọmọ náà tan jẹnẹrétọ̀, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan, ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Orin náà dùn dé egungun mi.

Alhaji dé, ọmọ náà bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà kí n fi CQM pààrọ̀ rẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e. Wọn ò sì sọ pé kí n má bínú. Mo ṣì ń bínú. Mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní 4 nínú 5, káàdì YMF719 gba 5.