Mulligans Flat ní Canberra: alẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ o

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Canberra ní Ọsirélíà, tẹ́ ò bá tíì dé Mulligans Flat, ẹ wáyè lọ. Ìtòsí Forde ní Gungahlin ló wà. Ilẹ̀ tí àgùntàn àti màálù ti jẹko fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, kó tó di igbó ìpamọ́.

Èmi àti àbúrò mi sanwó ìrìn alẹ́. Mo rò pé kangaróò lásán la fẹ́ lọ wò. Tọ́ọ̀ṣì oníná pupa ni wọ́n kó fún wa, torí tí ẹranko bá rí iná funfun, ó máa sá. A ò tíì rìn jìnnà tí àbúrò mi fi di apá mi mú, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, òkété!" Lóòótọ́ ó jọ òkété, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń fò, ó sì fi ìrù ká ìdì koríko gbígbẹ kan mọ́ra, ó ń gbé e lọ tẹ́ ìtẹ́ ẹ̀. Ìrù o! Mi ò rírú ẹ̀ rí.

Bettong ló ń jẹ́, irú tí wọ́n ń pè ní eastern bettong. Kò sí i mọ́ níbòmíì ní Ọsirélíà fúngbà pípẹ́, àfi erékùṣù Tasmania, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ táwọn òyìnbó kó wá wà lára ohun tó run ún. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe fẹ́ǹsì tó gùn ju kìlómítà 11 lọ yí igbó náà ká, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 2009, wọ́n kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ológbò inú ẹ̀ kúrò, lọ́dún 2012 ni wọ́n wá kó bettong dé láti Tasmania.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹran ọ̀sìn ti tẹ ilẹ̀ le gbagidi, bettong wá ń fi èékánná gbẹ́ ẹ, olú tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ ló ń wá, ojú ihò yẹn lomi òjò ń gbà wọlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀kan, kò ju ẹnu ife lọ, erùpẹ̀ inú ẹ̀ rọ̀, ó tutù, ewé gbígbẹ ti ń kún un. Ẹranko tí gbogbo ẹ̀ ò ju bíi kìlò méjì lọ! Àwọn èèyàn náà ṣe tiwọn, ìtì igi bíi 2,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó wá tẹ́ káàkiri kí kòkòrò àti alángbá lè rábẹ́ ẹ̀ gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín. Ẹnì kan láàárín wa ò pa tiẹ̀, bó ṣe dún báyìí ni quoll tá a ń wò, ẹranko kékeré ajẹran tí àmì funfun wà lára ẹ̀ tó-tò-tó, ti wọ inú koríko lọ, a ò sì rí òmíì mọ́. Òtútù ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, ẹ mú kóòtù. A ti tún búùkù fóṣù tó ń bọ̀, màmá wa náà ń tẹ̀ lé wa.