Peak flow meter: ohun tó lè sọ fún ẹni tó ń ṣeré ìdárayá, àti ohun tí kò lè sọ

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń ra peak flow meter, ohun èlò kékeré tí a ń fẹ́ èémí sí láti wọn bí ó ṣe ń yára jáde, ló ń bi í ní ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá eré sísá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń sọ ẹ̀dọ̀fóró wọn di alágbára. Kò lè sọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa: ṣé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde láti inú àyà ṣí sílẹ̀, àbí ó ti ń fún? Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń há lẹ́yìn eré ìdárayá, tó ń húkọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún bíi súfèé, ní láti ní ọ̀kan nílé. Ẹni tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, tó kàn fẹ́ mọ bí ara òun ṣe le tó, kò nílò rẹ̀.

Irú èyí tí kò lo bátìrì là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Basil Martin Wright ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1950, òun náà ló sì ṣe kékeré tó ṣeé mú lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1970. Ike róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí sípíríìnì dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ike náà á sún síwájú, á sì ti atọ́ka kékeré tó wà lójú ihò gbọọrọ níta. Sípíríìnì á fa ike padà, atọ́ka á dúró síbi tó dé. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni ẹ máa kà.

Ti àgbàlagbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 60, ó ń dé 800 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó parí sí 400 wà fún ọmọdé àti ẹni tí èémí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Àgbàlagbà tó lera lè ti atọ́ka rẹ̀ dé òpin, kò sì ní mọ iye tó fẹ́ gan-an. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ EN 13826 tàbí ISO 23747, orúkọ ìlànà ìwọ̀n tuntun, sára rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí ìwọ̀n Wright àtijọ́ ní 2004, nítorí pé ìwọ̀n àtijọ́ yẹn máa ń pe àwọn nọ́ńbà àárín ga ju bí wọ́n ṣe jẹ́ lọ. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ti àtijọ́ wé ti tuntun.

Bí ẹ bá rí 500, kì í ṣe pé ẹ fẹ́ 500 lítà afẹ́fẹ́ jáde. Ìyára afẹ́fẹ́ níbi tó ti sáré jù lọ ni nọ́ńbà náà, ibẹ̀ sì ti máa ń kọjá kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan kí ẹ fẹ́ ẹ títí èémí yóò fi tán nínú yín. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ẹ dìde dúró. Bí ẹ bá ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ẹ tu ú dànù. Ẹ dá atọ́ka padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ di ohun èlò náà mú ní ìbúlẹ̀, kí ìka yín má kan ihò gbọọrọ tí atọ́ka ń gbà kọjá, kó má sì dí ihò tó wà lẹ́yìn. Ẹ mí sínú títí àyà yóò fi kún dẹ́nu. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi ètè há a mọ́ ẹnu típẹ́típẹ́, kí ahọ́n wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, pẹ̀lú gbogbo agbára, bí ẹni tó fẹ́ pa àbẹ́là tó wà lókèèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ dá atọ́ka padà, ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tó ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa lò; ẹ má ṣe pín wọn dọ́gba. Bí méjì tó ga jù bá fi ju 40 lọ síra wọn, ẹ fẹ́ ẹ sí i. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ń wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ dáwọ́ dúró: fífẹ́ líle fúnra rẹ̀ lè mú kí ọ̀nà èémí àwọn kan máa fún.

Àṣìṣe tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni fífẹ́ bí ẹni tó ń tutọ́. Ahọ́n á dí ẹnu, agbára á kó jọ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà á tú jáde lójijì, atọ́ka á sì fò lọ sókè. Inú ẹni tó fẹ́ ẹ á dùn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà èké ni. Ètè tó ń jò, títẹ̀ síwájú, àìmí sínú tó, àti dídi èémí mú pẹ́ kí ẹ tó fẹ́ ẹ máa ń fà á wálẹ̀. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹ̀rọ náà kò ní bí ó ṣe lè mọ ẹni tó sapá yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ọ̀lẹ.

Ọkùnrin, obìnrin, gíga àti ọjọ́ orí ló ń pinnu ibi tí nọ́ńbà kálukú ń wà, nítorí náà, ti ara yín ni kí ẹ wá. Ẹ fẹ́ ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ara yín dá. Èyí tó ga jù ni òkè agbára yín. Bí ó bá jẹ́ 480, ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 384, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 240. Láti 384 sókè, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Láàárín méjèèjì, ẹ tẹ̀lé ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ fún yín. Bó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 240, ẹ lo oògùn tó ń ṣí èémí kíá, kí ẹ sì wá ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún wo ìyàtọ̀ àárọ̀ àti alẹ́. Bí àárọ̀ bá jẹ́ 400, tí alẹ́ jẹ́ 460, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 60, àárín wọn jẹ́ 430. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 14 nínú 100. Bí ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ bá ju ìdá 10 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmì ni pé ó lè jẹ́ ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asthma. Ẹ mú ìwé náà lọ bá wọn.

Ibi tí ohun èlò yìí ti wúlò jù fún ẹni tó ń ṣeré ìdárayá ni àyẹ̀wò ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí a bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ẹnu, afẹ́fẹ́ tí imú kò rí àyè mú gbóná, tí kò sì rin, ń fa omi kúrò lára ọ̀nà èémí. Iṣan tó yí i ká á wá fún un. Fún àyẹ̀wò náà, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ nígbà tí ẹ wà ní ìsinmi. Ẹ sáré tàbí kí ẹ wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 6 sí 8, kí ìlù ọkàn wà láàárín ìdá 80 sí 90 nínú 100 ti òpin rẹ̀. Ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220 láti rí òpin yẹn: fún ẹni ogójì ọdún, 180 ni, kí ìlù ọkàn wà láàárín 144 àti 162. Ẹ dúró, kí ẹ wá fẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú 5, 10, 15, 20 àti 30. Ẹni tó fẹ́ ẹ kìkì nígbà tó dúró máa ń pàdánù ohun tó ń wá, nítorí pé ìṣẹ́jú 5 sí 15 lẹ́yìn ìdúró ni ó sábà máa ń burú jù. Bí 500 bá di 420, ìdá 16 nínú 100 ló lọ. Ìdá 15 sókè tó láti mú lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹni tí yóò fi spirometer, ẹ̀rọ tó ń wọn iye afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ jáde àti ìyára rẹ̀, fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí inhaler yín (oògùn tó ń ṣí èémí kíá) wà nítòsí, kí ènìyàn kan sì wà pẹ̀lú yín. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, tàbí tí àyà máa ń dùn, kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀ pé ó ń fún, ẹ̀rọ yìí kan náà ló ń fi hàn yín bóyá ohun tí ẹ ń ṣe sí i ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, pẹ̀lú eré kúkúrú-kúkúrú láàárín. Fún àwọn kan, ìyẹn nìkan ń dín ìfúnpọ̀ náà kù fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìdí láti pa eré ìdárayá tì.

Ní ti bí ara ṣe le tó, ẹ gbé ojú kúrò lára atọ́ka. Àgbàlagbà tó wà ní ìsinmi ń mí bíi lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú eré líle ó lè kọjá 100. Ẹ̀dọ̀fóró tó dá ṣáká ní àyè tó fún un. Ọkàn àti iṣan ẹsẹ̀ ni ìdárayá ń yí padà jù, títí iṣẹ́ kan náà kò fi ní gba èémí púpọ̀ mọ́. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta ti rírìn kánmọ́kánmọ́ lè mú kí ara yín yàtọ̀ pátápátá, kí nọ́ńbà peak flow sì wà níbi tó wà. Ẹ má jẹ́ kó já yín kulẹ̀. Ọ̀nà títẹ́jú tó gùn tó mítà 30 àti aago ni ẹ nílò: ẹ rìn ín ní àlọ àti àbọ̀ fún ìṣẹ́jú 6, ẹ ka iye mítà, ẹ tún un ṣe lóṣooṣù.

Àbùkù tó dùn wá jù ni ti àwọn tó ń mu sìgá. COPD, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń dí ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀, lè ti mú ẹ̀dọ̀fóró jìnnà kí peak flow tó fi hàn, nítorí pé àwọn ọ̀nà ńlá ni nọ́ńbà náà gbára lé jù, bẹ́ẹ̀ àwọn kéékèèké ni àrùn yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó dára kò gbọ́dọ̀ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn balẹ̀. Spirometer ni kó lọ fẹ́.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Itọ́ tó gbẹ mọ́ inú rẹ̀ máa ń mú kí atọ́ka lẹ̀, nọ́ńbà á sì máa wálẹ̀ bí ẹni pé àìsàn ń bọ̀. Sípíríìnì náà ń rẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, nítorí náà, ẹ tẹ̀lé àkókò ìpààrọ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tuntun, ẹ fẹ́ àtijọ́ àti tuntun tẹ̀lé ara wọn, ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi tuntun wá òkè agbára yín lẹ́ẹ̀kan sí i.