Aṣọ tó ń ka ìrìn ara, àti ọmọ odó tí kò gbọ́ràn

Oṣù méjì ni mo fi lo aṣọ motion capture tí mo yá ní Adó-Èkìtì. Aṣọ tí sensor wà lára rẹ̀ ni. Ó ń ka bí apá, itan àti ẹ̀yìn ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń yí, ó sì ń kó o sínú kọ̀ǹpútà. Káátúùnù ìyá tó ń gúnyán ni mo fi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyán gígún han ará Èkìtì, kó yáa múra, torí ojú wọn kì í fo àṣìṣe níbẹ̀.

Ti ìrìn, ìjókòó àti bíbẹ̀rẹ̀, n kò ní àròyé kankan.

Ọmọ odó ló dá wàhálà sílẹ̀. Fáìlì BVH tí aṣọ náà ń mú jáde, oríkèé ara nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ohun téèyàn mú lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ya ọmọ odó nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe káátúùnù náà, mo fi Child Of, ìdè inú rẹ̀ tó ń mú kí ohun kan máa tẹ̀ lé òmíràn, so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún gbé e, àmọ́ ọwọ́ òsì ń di afẹ́fẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó sì ṣe ń gún un tó ló ń jìnnà sí i. Yíyí ni irú sensor yìí ń kà, kì í ka ibi tí ọwọ́ wà gan-an, nítorí náà àṣìṣe kékeré á máa gorí àṣìṣe. Ìgbà tí mo fi IK, tó ń mú kí apá tẹ̀ lé ibi tí a bá fi ọwọ́ sí, so ọwọ́ òsì mọ́ ọmọ odó fúnra rẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì tó jọ ń lọ.

Mo fi han yèyé oníyán kan ládùúgbò wa. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọmọ mi, èyí kò gúnyán o. Igi ló kàn ń jù sókè sódò.”

Òótọ́ ló sọ. Igi mọ́pù ni ẹni tó wọ aṣọ fi ṣe é, kò sí odó nísàlẹ̀. Bí iyán bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á di ọmọ odó mú, agúnyán á sì kọ́kọ́ fà á yọ kó tó gbé e sókè. Ìdúró kékeré yẹn ni kò sí nínú tèmi.

Ẹ̀yìnkùlé yèyé la ti tún un ṣe, pẹ̀lú iṣu sísè àti ọmọ odó gidi. Mo yọ sensor ẹsẹ̀ òsì, mo fi fóòmù wé e, mo fi rọ́bà dè é mọ́ òkè ọmọ odó, níbi tí ìgbọ̀nrìrì kò ti pọ̀. Nínú Blender, mo fi Copy Rotation gba yíyí ẹsẹ̀ òsì fún ọmọ odó, mo sì yí i díẹ̀ títí ó fi dúró lóòró. Ọwọ́ ló ń gbé e, sensor ló ń sọ bó ṣe dà. Ejìká agúnyán náà wálẹ̀ wàyí, ọmọ odó lẹ̀ mọ́ iyán, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó já. Inú mi dùn débi pé mo wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jìnnà sí géètì onírin tẹ́ ẹ bá ń lo aṣọ náà: òòfà ilẹ̀ ni sensor fi ń mọ ibi tó kọjú sí, irin sì máa ń dà á láàmú. Ẹni tó yá mi kò sọ èyí fún mi, ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ṣòfò. Ó sì yẹ kí sensor kan wà tí a dìídì ṣe fún ohun tí a mú lọ́wọ́, kéèyàn má baà máa yọ ti ẹsẹ̀.

Màá tún yá a. Obìnrin méjì ni yóò máa gún iyán tó kàn lódó kan, ọmọ odó kan á máa lọ bí èkejì ṣe ń bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n fi sensor méjì kún un.