Díìfù ẹ̀yìn MX-5 tó ń pariwo: ẹ tún un ṣe ni, àbí kẹ́ ẹ gbé ńlá sí i?

Ẹni tí ẹ̀yìn mọ́tò ẹ̀ bá ti ń kùn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kóun lọ ra Torsen, ìyẹn irú díìfù kan tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán. Díìfù ni àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí wọn. Ẹ ní sùúrù ná. Àìmọye èèyàn ló ti ná owó sẹ́yìn mọ́tò báyìí tí ariwo ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ digbí, torí pé nǹkan tí wọ́n pààrọ̀ kọ́ ló ń ké. Mazda MX-5 ni mo fẹ́ fi ṣe ìfiwéra yìí, ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, ìyẹn láti 1989 títí dé 2005, torí ibẹ̀ ni ọjà pọ̀ sí jù fún ẹni tó ń wá mọ́tò eré tó fúyẹ́, màá sì bu díẹ̀ fún àwọn tó ń lo MGB, mọ́tò eré àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nísàlẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọwó

Tó bá ń súfèé wìììì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ accelerator, tó wá dákẹ́ bẹ́ ẹ ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò, tàbí kó jẹ́ òdìkejì, kó jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ ló ń ké, eyín crown àti pinion (gíà ńlá àti gíà kékeré inú díìfù tó ń bá ara wọn yí) lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan lára eyín ọ̀hún ti jẹ. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń kùn hùùù, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ o, tẹ́ ẹ ò tẹ̀ ẹ́ o, ẹ fura sí bẹ́árìn. Èwo nínú bẹ́árìn wá ni? Díìfù mọ́tò ti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 1.6 lítà, eyín crown ẹ̀ 43 ni, ti pinion 10, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní 4.3. Lórí táyà 185/60R14 tó bá mọ́tò yẹn wá, tẹ́ ẹ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà á máa yí tó nǹkan bíi 920 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, pinion á sì ti yí tó 3,950. Ìdí nìyẹn tí ariwo bẹ́árìn pinion fi máa ń yá, tí ohùn ẹ̀ ń lọ sókè, tí ti ẹ̀gbẹ́ crown tó ń bá táyà rìn fi máa ń wà nísàlẹ̀, tó ń rìn gbùrù gbùrù.

Bẹ́árìn ẹsẹ̀ táyà náà máa ń kùn o, òun ló sì máa ń tan èèyàn jù. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó ṣófo, kẹ́ ẹ rọra yí ọwọ́ sọ́tùn-ún: ẹrù mọ́tò á bọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì, tí kíkùn yẹn bá lọ sókè, ẹsẹ̀ òsì ni, díìfù ò mọ nǹkan kan sí i. Táyà tó ti jẹ ségesège náà ń kùn, ṣùgbọ́n tiẹ̀ máa ń yí ohùn padà bí ojú ọ̀dà bá ṣe yí padà. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ kọ́kọ́ wo cross (oríkèé) pùròpẹ́là, ọ̀pá gbọọrọ tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí díìfù, àti bọ́ọ̀ṣì tó gbé díìfù dúró. Kẹ́kẹ́kẹ́ tó máa ń dún nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà tó há ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣáàfù ẹsẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Ọ́ìlì tuntun: ó kéré lówó, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu

Ibí ni kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Díìfù kékeré ti 1.6 ń gba nǹkan bíi 0.65 lítà, ti ńlá ń gba lítà kan, ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni, kíki ẹ̀ 75W-90 tàbí 80W-90. Ẹ kọ́kọ́ tú bóòtù ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ kẹ́ ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti da ọ́ìlì nù tán tí ti òkè wá kọ̀ tí ò tú, mọ́tò ọ̀hún ò kúrò níbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ẹ wo ẹnu bóòtù ìsàlẹ̀ tó ní magnet dáadáa. Ẹ̀kúnná irin tó dúdú, tó rọ̀ bíi lẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìfọ́nká irin tó ń dán, tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ rí, ẹ má wulẹ̀ da owó ọ́ìlì sí i mọ́. Tí ọ́ìlì tó jáde ò bá tó ìdajì, síìlì kan ti ń jò, bẹ́árìn pinion sì ti ṣeé ṣe kó ti gbẹ fúngbà díẹ̀. Kẹ́ ẹ nu ihò kékeré tó ń mí lórí díìfù pẹ̀lú, tó bá dí, bí inú ẹ̀ bá ṣe ń gbóná, afẹ́fẹ́ tí ò ríbi jáde á máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, ẹ lè pààrọ̀ síìlì títí kò ní dúró.

Ẹni tó fẹ́ ra odindi mọ́tò, ẹ kíyè sí èyí: àwọn kan máa ń rọ ọ́ìlì tó ki gan-an sí díìfù tó ti kú kó lè dákẹ́ fún ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá wò ó. Ẹ wà á títí tí gbogbo ẹ̀yìn á fi gbóná kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà, ọ́ìlì tó ti gbóná ò lè bo àṣírí mọ́.

Bẹ́árìn nìkan, àbí crown àti pinion tuntun?

Níbí ni owó ti ń sọnù jù. Crown àti pinion jọ ń jẹ ara wọn ni, wọ́n ti mọ ojú ara wọn, bí wọ́n bá ti jẹ báyìí fún ogún ọdún ó ti di pé eyín kan mọ ibi tí èkejì ń fara kàn án. Tẹ́ ẹ bá wá kó bẹ́árìn tuntun sí i, pinion lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, díẹ̀ tí ojú ò lè rí, eyín wá bẹ̀rẹ̀ sí í fara kan níbi tí kò kàn rí, díìfù tó ń kùn tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń súfèé. Ẹni tó ṣe é á ní “mo ti kó ohun tuntun sí i kẹ̀”, òótọ́ ló sì sọ.

Torí náà, tó bá jẹ́ bẹ́árìn ló ń kùn, tí eyín ṣì dáa, bẹ́árìn àti síìlì tó fún yín, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ní mẹkáníìkì tó máa wọn ibi tí pinion wà kó tó tú u, tó sì máa dá ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tó ń pinnu ibi tí pinion máa dúró sí) padà bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ eyín ló ti jẹ, bẹ́árìn ò ní pa á lẹ́nu mọ́ láéláé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Crown àti pinion tuntun máa ń wá ní méjì-méjì tí wọ́n ti jọ gé pọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ mú crown inú èyí fi kọ́ pinion inú tọ̀hún.

Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é. Àkọ́kọ́, ṣé ó ní nǹkan tó fi ń wọn àlàfo eyín? Àlàfo yẹn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ọwọ́ lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Èkejì, ṣé ó máa ń fi ọ̀dà kun eyín kó lè rí ibi tó ti ń kanra? Ẹ̀kẹta, ṣé ó máa lo crush sleeve tuntun? Òrùka irin kan ni tó máa ń fún wọlé nígbà tí wọ́n bá ń de nọ́ọ̀tì pinion, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, tí wọ́n bá fún un kọjá ààlà wọn ò lè tú u padà díẹ̀, òmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú. Ẹni tó bá fèsì pé “mo máa ń fi ojú inú ṣe é” ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Nítorí èyí, èmi ò ní bo ojú mi sọ ọ́, odindi díìfù àlòkù tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú rí, tó sì dákẹ́, mo gbé e sí iwájú díìfù tuntun tí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tò. Ohun tó mú un dákẹ́ ni bí ilé iṣẹ́ ṣe tò ó, irin tuntun ò ní ìyẹn nínú. Àléébù ẹ̀ ni pé ẹ ò lè gbọ́ ohùn ẹ̀ tó bá ti wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò tà. Ẹ di ojú pinion mú, kẹ́ ẹ fà á síwá sẹ́yìn: tó bá mì jẹ́gẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kó yọ̀ dẹ̀ẹ̀ láìsí ibi tó ń gbọn ọwọ́.

Ti kékeré sí ti ńlá: 1.6 gba díìfù 1.8

Crown inú 1.6 ti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́fà, ti 1.8 tó dé lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́ méje. Ẹni tó bá fi turbo sí 1.6, kékeré yẹn ò ní bá a pẹ́. Fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, ti kékeré ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ sá fún un, àfi pé tó bá ti ń ké, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi tò ó lè má jìnnà sí owó ti ńlá àlòkù, nígbà náà ti ńlá ni kẹ́ ẹ gbé.

Àmọ́ kì í ṣe díìfù nìkan o. Ṣáàfù ẹsẹ̀ méjèèjì àti pùròpẹ́là máa bá a wá, torí ojú ibi tí wọ́n ti ń so mọ́ra ò dọ́gba. Ẹ ra gbogbo ẹ̀ lára mọ́tò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń rà á ní wẹ́wẹ́ ló máa ń padà sí ọjà.

Iye eyín náà ń yàtọ̀. 1.8 ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 4.1, àwọn tó dé lẹ́yìn tó ní gíà mẹ́fà lè jẹ́ 3.9 tàbí 3.6. Ara gíábọ́ọ̀sì ni mítà ìsáré ti ń gba ìròyìn, torí náà ẹni tó bá bọ́ láti 4.3 sí 4.1 tí ò pààrọ̀ gíà kékeré inú mítà, mítà ẹ̀ á máa pè é ní 95 nígbà tó bá ń sá 100 gan-an. Láti mọ iye tó wà lábẹ́ mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ tú u lára ẹ̀: ẹ di táyà iwájú, ẹ fi gíà sí neutral, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè lórí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan, ẹ fi ẹfun sàmì sí pùròpẹ́là. Tí táyà méjèèjì bá jọ ń yí sọ́nà kan náà, ẹ yí wọn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí pùròpẹ́là yí. Tó bá jẹ́ díìfù lásán, tí èkejì ń yí sẹ́yìn, ẹ ní kí ẹnì kan di èkejì mú, kẹ́ ẹ yí ti yín lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé ní mẹ́rin, 4.1 ni, tó bá fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé, 4.3 ni. Tó bá ku díẹ̀ kó pé mẹ́rin, 3.9 ni, tó bá lé díẹ̀ ní mẹ́ta àti ààbọ̀, 3.6 ni.

Torsen, viscous, pléètì

Irú díìfù tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Viscous tó wà nínú 1.6 kan, oje silicone ni ó ń lò, ọjọ́ orí ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn rọ débi pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí díìfù lásán mọ́. Ẹ má fi owó kún un nítorí orúkọ.

Torsen ti 1.8 (Type 1 ní ìbẹ̀rẹ̀, Type 2 láti 1996) gíà ló ń lò, kò ní pléètì tó ń jẹ, GL-5 kan náà ló ń mu, kò gba oògùn kankan nínú ọ́ìlì, kò sì pariwo. Fún ojú títì, òun ni mo máa ra. Ibi tó kù sí ni pé tí ẹsẹ̀ kan bá gbé kúrò nílẹ̀ pátápátá, ṣe ló ń ṣe bí ẹni pé díìfù lásán ni. ATB ti Quaife náà, gíà ni, ìwà wọn sún mọ́ra, tuntun lẹ máa rà á ní tiẹ̀, ẹ ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ títò yẹn.

Ti pléètì, bíi ti Cusco, Kaaz tàbí OS Giken, àwọn tó ń sáré ní pápá ló ni ín. Ó ń fa mọ́tò jáde nínú kọ́nà kódà tí ẹsẹ̀ kan bá gbé sókè. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ariwo ló gbé e wá sọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Òun gan-an ń pariwo: tẹ́ ẹ bá ń páàkì, á máa ta gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ yín, ọ́ìlì ẹ̀ ní oògùn tiẹ̀, ẹ sì máa ń dà á nù léraléra, nígbà tó bá yá pléètì á jẹ, ẹ tún un tú nìyẹn. Ti wẹ́dì, tí wọ́n kàn jó gíà inú ẹ̀ pọ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Bọ́ọ̀ṣì: rọ́bà tàbí poly

Wọ́n máa ń ta bọ́ọ̀ṣì poly (ike kan tó le ju rọ́bà lọ) fún díìfù pé ó ń mú kó dúró gírí. Ó ń mú un dúró lóòótọ́, gbà yẹn á sì dínkù. Ṣùgbọ́n rọ́bà ló ń gbé ohùn mì kó má dé inú mọ́tò, poly le, gbogbo súfèé tí díìfù bá ń sú á wọlé tọ̀ yín wá. Tí gíà yín bá ti ń súfèé tẹ́lẹ̀, rọ́bà tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i, poly á tú u fó ni.

Ẹ̀yin MGB

MGB (1962 sí 1980) ní àásù gbọọrọ kan tó gba ẹ̀yìn kọjá. Tó bá ń dún gbà nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀, wọ́ṣà tó wà lẹ́yìn gíà kéékèèké inú díìfù ló sábà máa ń jẹ́, wọ́ṣà yẹn ò wọ́n rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta odindi àásù fún yín torí ẹ̀. Tó bá ń súfèé ni, ọ̀rọ̀ crown àti pinion tí mo sọ lókè náà ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé e padà

MX-5 ní irin gbọọrọ kan, PPF, tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ díìfù. Ẹ ò gbọdọ̀ kàn de é bó ṣe wù yín, wọ́n máa ń wọn bó ṣe wà kí wọ́n tó fún bóòtù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pùròpẹ́là á tẹ, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré kan pàtó, ẹ ó wá máa bú díìfù tó dára. Tó bá jẹ́ gíà tuntun lẹ kó sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́ gan-an fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ìrìn kúkúrú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tún máa lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ da ọ́ìlì yẹn nù bó ti wù kó mọ́ tó, kẹ́ ẹ sì nu magnet ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà.